Ẹran tí Dádì Mofìyìn Kò Lè Gbé Mì

Bí ẹ bá wá sí Karmo tí ẹ ń wá ìjà ọ̀fẹ́, ẹ má wulẹ̀ jìyà púpọ̀. Ẹ bèèrè ilé Dádì Mofìyìn, ẹ kí wọn dáadáa, kí ẹ wá fi ọ̀rọ̀ ọ̀bọ kan sáàárín ìkíni yín. Ìjà dé nìyẹn. Wọn ò ní bèèrè orúkọ yín mọ́, wọn ò sì ní fún yín lómi. Wọ́n á bọ́ gíláàsì ojú wọn, wọ́n á nù ún sí etí ṣẹ́ẹ̀tì, wọ́n á tún un wọ̀, wọ́n á sì wò yín láti orí dé ẹsẹ̀ bí ẹni tó ń wá ibi tí ìrù yín wà.

Adébíyì ni orúkọ wọn gan-an. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n, ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni wọ́n, iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ kan ni wọ́n sì ti ń ṣiṣẹ́, níbi tí wọ́n ń kó fáìlì pamọ́ sí. Ọ̀dọ̀ wọn ni èmi Kúnbi ń gbé láti ìgbà tí mo ti ríṣẹ́ sí Jabi, nítorí náà ojú mi ló ṣe gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Mo fẹ́ràn wọn gan-an. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ìyẹn kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́.

Ohun tí Dádì kórìíra láyé yìí kò pọ̀. Wọ́n kórìíra iná ìjọba tó ń lọ láìdágbére. Wọ́n kórìíra ata tí kò kúnná. Wọ́n sì kórìíra ẹnikẹ́ni tó bá ní òótọ́ ni ẹfolúṣọ̀n, ìyẹn àwọn tó ní gbogbo ohun abẹ̀mí ń yí padà díẹ̀díẹ̀ láti ìran dé ìran, pé èèyàn àti ọ̀bọ sì ní baba ńlá kan náà nígbà láéláé. Iná àti ata, wọ́n lè forí jì wọ́n. Ọ̀rọ̀ ọ̀bọ yìí, láéláé. Lọ́jọ́ kan, nínú takisí tó ń bọ̀ láti Utako, èrò kan tó jókòó níwájú ní àwọn onímọ̀ ti rí egungun ẹranko tó wà nínú òkúta fún ọ̀kẹ́ àìmọye ọdún. Àwọn èrò tó kù ń sun oorun tiwọn. Dádì ní kí awakọ̀ dúró. Awakọ̀ rò pé ara ẹnì kan ni kò yá. Dádì ní rárá, àwọn ò lè bá irọ́ wọ ọkọ̀ kan náà. Wọ́n sọ̀ kalẹ̀ sínú oòrùn ní Jabi, wọ́n fẹsẹ̀ rìn títí tí okùn bàtà wọn fi já. Wọ́n délé, wọ́n ní àwọn ti ṣẹ́gun.

Mo wo bàtà náà. Mo ní, "Ẹ kú oríire o, Dádì. Ta ló wá ṣẹ́gun bàtà?"

Wọ́tsáàpù ni yunifásítì wọn. Ibẹ̀ ni wọ́n ti gboyè. Fídíò kan wà lórí fóònù wọn tí wọ́n fẹ́ràn ju gbogbo rẹ̀ lọ: ọkùnrin kan tó wọ kóòtù ń pariwo bí ẹni tí omi gbígbóná dà sí lára, ó ń bèèrè pé bí ọ̀bọ bá ń di èèyàn, kí ló dé tí ọ̀bọ ṣì wà? Dádì á dá a dúró níbẹ̀, wọ́n á wò mí bíi pé èmi ni ọ̀bọ tó yẹ kó dáhùn.

Mo ní, "Dádì, àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ ti wá sí Abuja. Kí ló dé tí Ògbómọ̀ṣọ́ ṣì kún?"

"Dákẹ́ ẹnu ẹ. Lọ gbé omi sórí iná."

Ẹ̀rí mi nìyẹn. Ìgbà tí Dádì bá ti rán mi níṣẹ́ ilé ìdáná, mo mọ̀ pé mo jàre.

Ẹnì kejì wọn nínú ogun yìí ni Àlàájì Jàbárù, ọmọ Ìlọrin tó ń ta táìlì àti òkúta mábù ní Utako, tí ilé wọn kọjú sí tiwa. Ní ọjọ́ Sátidé, àwọn méjèèjì á jókòó sórí bẹ́ǹṣì lábẹ́ igi máńgòrò Àlàájì, wọ́n á sì máa jà. Wọ́n ti jà lórí ibi tí ọkọ̀ Nóà gúnlẹ̀ sí: Dádì ní òkè Árárátì, Àlàájì ní òkè Júdì, wọ́n sì ń na ìka sí ọ̀nà Idu bíi pé a lè rí òkè náà láti Karmo. Bí ó bá wá kan ọmọ tí Ábúráhámù fẹ́ fi rúbọ, àfi kí Mọ́mì, ìyàwó Dádì, gbé omi tútù jáde. Ṣùgbọ́n ẹ kàn dárúkọ ọ̀bọ. Kíá, mùsùlùmí àti kìrìsìtẹ́nì ti di ọmọ ìyá, wọ́n ti ń bọ ara wọn lọ́wọ́. Gbogbo ìpàdé àlàáfíà tí wọ́n ń fi owó ìlú ṣe láwọn òtẹ́ẹ̀lì Abuja, ẹ bá mi sọ fún wọn pé ọ̀bọ kan ṣoṣo ti ṣe é ní Karmo, kò gba owó ọkọ̀.

Àlàájì tiẹ̀ ní òkúta mábù kan ní ṣọ́ọ̀bù tí nǹkan bí ìkarahun ìgbín ká jọ sí àárín rẹ̀. Bí pásítọ̀ bá yọjú, Àlàájì á ní ìgbín tí ìkún omi Nóà pa ni. Bí olùkọ́ yunifásítì bá dé, á ní ó ti pẹ́ ju òkè lọ. Ẹni tí kò bá gba nǹkan kan gbọ́, Àlàájì á ní, "Dísáìnì ni, Ọ̀gá. Ítálì ló ti wá." Kò sẹ́ni tó tíì rà á, ṣùgbọ́n gbogbo wọn ló ń lọ pẹ̀lú ìdùnnú.

Sáàárín irú àwọn èèyàn yìí ni Àǹtí Mofìyìn, ọmọbìnrin Dádì, ti mú ọkọ àfẹ́sọ́nà rẹ̀ wá sílé.

Olúṣèyí ni orúkọ rẹ̀. Ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní bàọ́lọ́jì ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Jabi. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, ó gùn, ó sì wà lára àwọn tí kì í gba ohunkóhun gbọ́ àfi tí ọwọ́ wọn bá tó o. Bí o bá kí i pé ẹ káàárọ̀, ó lè kọ́kọ́ wo aago kó tó dá ọ lóhùn. Ní ọjọ́ tó fẹ́ wá, mo wà níbẹ̀ nígbà tí Àǹtí Mofìyìn ń kìlọ̀ fún un lórí fóònù.

"Kí o dọ̀bálẹ̀ dáadáa, kí àyà ẹ kanlẹ̀. Bí wọ́n bá gbé oúnjẹ wá, jẹ ẹ́ tán. Má sì mẹ́nu kan òkúta."

"Òkúta wo?"

"Ṣèyí, èyí tó wà ní àpò ẹ."

Òkúta kan ni ó rí ní Gombe nígbà tó ń sin ìlú. Ẹran omi kan ni tẹ́lẹ̀, ó ká jọ bí ìgbín, ó sì ti di òkúta pátápátá, ìlà ara rẹ̀ ṣì hàn kedere. Fọ́sìlì ni wọ́n ń pè é. Bọ̀dá Ṣèyí ń gbé e kiri bí àwọn mìíràn ṣe ń gbé rosárì.

Ó dọ̀bálẹ̀. Àyà rẹ̀ kanlẹ̀. Ó jẹun tán, ó yin ọbẹ̀ Mọ́mì débi pé Mọ́mì fẹ́ bu òmíràn. Ọ̀rọ̀ ń lọ geerege, ó ku díẹ̀ ká máa dúpẹ́, ni Dádì wá bèèrè iṣẹ́ tó ń kọ́ àwọn ọmọ.

"Bàọ́lọ́jì, sà."

Àlàájì Jàbárù tí wọ́n wá bá wa gbà á lálejò gbé orí sókè. Dádì bọ́ gíláàsì.

"Ṣé ẹ máa ń kọ́ wọn ní ti ọ̀bọ yẹn?"

Àǹtí Mofìyìn wúkọ́. Ọlọ́gbọ́n èèyàn ì bá ní ìjọba ló ní ká kọ́ wọn, kó sì tún yin ọbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ṣùgbọ́n ọlọ́gbọ́n kọ́ ni ẹni tó kàwé púpọ̀. Bọ̀dá Ṣèyí ki ọwọ́ bọ àpò.

"Sà, ẹ wo èyí."

Dádì wò ó. "Ibo lo ti rí i?"

"Gombe, sà. Ẹran inú òkun ni."

"Òkun wà ní Gombe?"

"Ní báyìí kọ́, sà. Nígbà kan rí."

"Omi Nóà ló gbé e débẹ̀. Ọ̀rọ̀ parí."

"Sà, bó bá jẹ́ ìkún omi kan ṣoṣo ni, gbogbo wọn ì bá dà pọ̀ mọ́ra. Ṣùgbọ́n ìpele ìpele ni òkúta wà. Bí wọ́n ṣe ń gbẹ́ ẹ lọ sísàlẹ̀, àwọn ẹranko ibẹ̀ ń yàtọ̀ sí ti òkè. Kò sẹ́ni tó tíì bá ehoro ní ìsàlẹ̀ pátápátá."

"Ehoro gbọ́n ni!" Àlàájì ló pariwo. "Omi ń bọ̀, ó sá gun òkè!"

Dádì gbá orúnkún wọn, inú wọn dùn. "Ẹ gbà á! Àlàájì, ẹ gbà á!"

Bọ̀dá Ṣèyí ronú sí i bí ẹni tí ọmọ kíláàsì rẹ̀ bi ní ìbéèrè. Ó ní, "Ìgbín ńkọ́, sà? A rí ìgbín lókè, a tún rí i nísàlẹ̀. Ṣé ìgbín náà sáré ni?"

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu mi. Mi ò lè dá a dúró. Mo rí ìgbín tó ká ṣòkòtò sókè, tó ń sáré gun òkè Árárátì. Ẹ̀rín yẹn ló ba nǹkan jẹ́, torí Dádì lè gba kí ènìyàn bá wọn jiyàn, ṣùgbọ́n wọn ò gba kí a fi wọ́n rẹ́rìn-ín lójú àlejò. Wọ́n dìde dúró.

"Màmá mi ń bọ̀ láti Ògbómọ̀ṣọ́. Lójú wọn àti lójú Àlàájì, wàá padà wá síbí, wàá gbé òkúta yìí lé tábìlì, wàá sì sọ fún gbogbo wa pé irọ́ ló ń pa. Bí o bá sọ ọ́, a ó mú ọjọ́ mọ̀mí-n-mọ̀ ọ́. Bí o kò bá sọ ọ́, lọ fẹ́ ọmọ àwọn ọ̀bọ ẹgbẹ́ ẹ. Ọmọ tèmi kò ní wọ ìran tó ń gun igi."

Nínú ilé ìdáná, Àǹtí Mofìyìn jókòó lórí àpótí. Kò gé àlùbọ́sà kankan, omi sì ń dà lójú rẹ̀.

"Kúnbi, bó bá sọ ọ́, òpùrọ́ ni mo fẹ́ fẹ́. Bí kò bá sọ ọ́, mi ò ní lè fẹ́ ẹ. O mọ Dádì. Láti ọjọ́ tí o ti dé ilé yìí, ṣé o ti rí ohun tí wọ́n sọ tí wọ́n kó jẹ?"

Mi ò rí i rí. Mo fi etí aṣọ mi nu ojú fún un, mo sì lọ sin ẹni tó fa gbogbo rẹ̀ dé ibi ọkọ̀ rẹ̀, kí n lè rí ẹni bú.

Ẹ wá wo nǹkan. Nínú ọkọ̀ ọ̀gbẹ́ni tí kò gba ohun tí kò fojú rí gbọ́, lábẹ́ rédíò gan-an, ìgò òróró àdúrà kékeré kan wà níbẹ̀ tó ń dán.

Mo ní, "Bọ̀dá Ṣèyí, ìpele òkúta wo lẹ ti gbẹ́ èyí?"

"Ìyá mi ló fi síbẹ̀."

"Ẹ ò wá yọ ọ́?"

Ó wo ìgò náà, ó wo kòtò tó wà ní ọ̀nà Karmo níwájú wa. Ó ní, "Bírékì ọkọ̀ yìí kò fi bẹ́ẹ̀ mú."

Mo padà sílé pẹ̀lú ẹ̀rín. Ọ̀kan ń jà fún Ọlọ́run, kò jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ rí ìsinmi. Èkejì ń jà fún ẹ̀rí, òróró ló ń di bírékì ọkọ̀ rẹ̀ mú. Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ o.

Màmá Àgbà, ìyá Dádì, dé ní ọjọ́ Jímọ̀ tó ṣáájú Sátidé ìdájọ́. Èmi ni wọ́n ní kí n lọ pàdé wọn ní gáréèjì Utako. Kí n tó dé ọ̀dọ̀ wọn, onítakisí kan ti di àpò wọn mú, ó ń kí wọn, "Sànnu, Hajiya, sànnu!"

"Kí ló ń wí?" Màmá bi mí.

"Ó ń kí yín ni, Màmá."

"Mo dúpẹ́. Sọ fún un pé kó fẹnu kí mi, kó fi àpò mi sílẹ̀."

A wọ ọkọ̀ mìíràn. Kí a tó jáde kúrò ní Utako ni mo ti ro ẹjọ́ tó wà nílẹ̀ fún wọn, láti orí ìgbín dé orí ehoro. Màmá gbọ́ ọ tán.

"Ọ̀bọ ni wọ́n ń jà sí?"

"Ọ̀bọ ni, Màmá."

"Kẹ́yìndé? Kẹ́yìndé tèmi?"

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín débi pé awakọ̀ ń wo dígí. Bí ẹ kò bá tíì fura, ìbejì ni Dádì. Wọ́n bí wọn tẹ̀ lé Táyé, Táyé sì kú nígbà tí wọn kò tíì lè rìn. Gbogbo ìbejì ilẹ̀ wa pátá, ẹdun ni à ń kì wọ́n mọ́. Ẹdúnjọbí là ń pè wọ́n. Ẹdun ọ̀hún, ẹranko orí igi ni, ó nírù gígùn, dúdú àti funfun ni irun rẹ̀, ìbátan ọ̀bọ sì ni. Ẹni tó bá ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀ kó lọ wo ojú rẹ̀.

Ẹ̀rín Màmá dáwọ́ dúró. Wọ́n ń lọ́ etí ìborùn wọn mọ́ ìka.

"Ìyẹn ló fi pè mí lórí fóònù lọ́jọ́sí, tó ní kí n má ki òun mọ́. Ó ní Adébíyì ni kí n máa pe òun. Ó ní ọmọ Ọlọ́run kì í ṣe ẹdun."

Mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Mo bá wọn tún ìborùn náà dà sí èjìká.

A dé ọjà Karmo, mo ní kí awakọ̀ dúró kí n ra ẹran ìgbẹ́ gbígbẹ tí a ó fi se ọbẹ̀ ọjọ́ kejì. Màmá na ọwọ́ láti ojú fèrèsé, wọ́n fi oríkì mi pè mí. "Àjíkẹ́, wò ó dáadáa o. Kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹdun. Wọn kì í jẹ ẹ́ nílé ìbejì. Ọdẹ kan fún Kẹ́yìndé ní ègé kan nígbà tó wà ní kékeré, ó sunkún títí a fi lọ sin ẹran náà sẹ́yìn ilé. Títí dòní, bí wọ́n bá gbé ẹran ìgbẹ́ fún un, á kọ́kọ́ bèèrè."

Mo dúró síwájú ẹni tó ń ta ẹran. Ẹ̀mí kan bà lé mi. Ẹ̀mí náà kò mọ́.

Ọ̀yà ni mo rà. Mo padà sínú ọkọ̀, mo ní, "Màmá, bí mo bá ṣe nǹkan kan lọ́la, ẹ má bá mi wí o."

"Ṣé ó máa pa èèyàn?"

"Rárá, Màmá."

"Ó dáa."

Lọ́jọ́ Sátidé, Dádì wọ táì nínú pálọ̀ ara wọn. Wọ́n ti gbé àga kan sáàárín fún Bọ̀dá Ṣèyí bí àga ẹlẹ́jọ́. Wọ́n tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì kékeré, wọ́n sì ní kó gbé òkúta rẹ̀ lé e, òkúta ẹlẹ́ṣẹ̀. Àlàájì jókòó lápá ọ̀tún. Màmá jókòó lápá òsì, wọ́n ń jẹ obì. Àǹtí Mofìyìn dúró lẹ́yìn ìyá rẹ̀, ó di apá àga mú bí ẹni tó wà nínú ọkọ̀ tó ń sáré.

Dádì gbàdúrà tó gùn. Wọ́n la ojú. "Olúṣèyí. Òkúta nìyí. Kí ló ń pa?"

Bọ̀dá Ṣèyí dọ̀bálẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀, ìyẹn sì wú mi lórí díẹ̀. "Sà, mo ti rò ó. Mo lè dọ̀bálẹ̀ fún yín láti àárọ̀ dalẹ́. Bí ẹ bá ní kí n máa bá yín lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, màá lọ. Ṣùgbọ́n mi ò lè sọ pé mi ò rí ohun tí mo rí. Bí mo bá purọ́ fún yín lónìí kí n lè fẹ́ Mofìyìn, kí ni màá fi bá a gbé?"

Ojú Àǹtí Mofìyìn pa dé. Dádì mí kanlẹ̀.

"Ó dára. Ní ti ọmọ mi nígbà náà..."

"Oúnjẹ ti dé o!" Èmi ni mo já wọlé, iyán lórí tìréè, èéfín ń bọ̀ lára rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kó yé yín pé mo ka àkókò náà dáadáa láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Kò sí ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó jẹ́ lé àlejò jáde níwájú iyán gbígbóná. Ẹjọ́ lè dúró, iyán kò ní dúró. Àlàájì ti ń ká ọwọ́ aṣọ. "Ẹ jẹ́ kó jẹun, kó rí agbára fi lọ." Ẹja ni mo bù fún Àlàájì lọ́tọ̀, torí wọn kì í jẹ ẹran tí wọn ò mọ ẹni tó pa á. Ọ̀yà ni mo bù fún àwọn tó kù. Ègé tó tóbi jù lọ, iwájú Dádì ni mo gbé e sí.

Bóyá ìbínú ni o, bóyá ìgbéraga, ọjọ́ yẹn nìkan ni Dádì gbàgbé láti kọ́kọ́ bèèrè. Wọ́n fà á ya, wọ́n jẹ ẹ́, ojú wọn rọ̀ díẹ̀.

"Kúnbi, ẹran yìí dùn o. Ẹran kí ni?"

Mo kúnlẹ̀. Mo ṣe ojú bí ọmọ ìjọ tó ń gba ara Olúwa. "Ẹdun ni, sà."

Ẹnu wọn dúró.

"Kí lo wí?"

"Ẹdun, sà. Ẹran ìgbẹ́."

Wọ́n tu gbogbo rẹ̀ sínú abọ́ ìfọwọ́. Wọ́n fò dìde, iyán lẹ̀ mọ́ ìka wọn, táì wọn ti bọ́ sínú ọbẹ̀. "O fún mi lẹ́dun jẹ? Kúnbi! O gbé ẹdun fún ìbejì jẹ?"

"Ẹ jọ̀ọ́, sà. Mo rò pé ẹranko lásán ni. Ṣebí ẹ̀yin náà lẹ ní kò sí ohun tó pa wá pọ̀ mọ́ wọn."

"Ta ló sọ fún ọ pé ẹranko lásán ni? Ẹbí wa ni! Láti ayé baba ńlá baba mi, ẹbí wa ni..."

Etí wọn wá gbọ́ ohun tí ẹnu wọn ń sọ.

Mo ti rí ọkọ̀ ẹlẹ́rù tí bírékì rẹ̀ já ní ọ̀nà Jabi. Mi ò tíì rí ọ̀rọ̀ tó bọ́ tí ẹni tó ni ín ń fi ojú sáré lé láti dá a padà bí èyí.

Àlàájì Jàbárù gbé ẹja sílẹ̀. "Kai! Adébíyì! Ẹbí ta?"

"Àlàájì, ẹ dákẹ́."

"Haba, mo kàn bèèrè ni. Kí n lè mọ àwọn tí màá máa kí kú ọdún."

Mọ́mì fi gèlè bo ẹnu. Bọ̀dá Ṣèyí ń wo iyán rẹ̀ bíi pé ìwé ìdánwò ni. Mo ń retí pé kí Dádì sọ bàtà lù mí, mo tiẹ̀ ti múra ẹsẹ̀ sílẹ̀. Màmá Àgbà ló sọ̀rọ̀.

"Kẹ́yìndé. Jókòó."

Wọ́n jókòó.

"Ìwọ nìkan kọ́ ni mo bí. Nígbà tí Táyé padà lẹ́yìn wa, ìwọ náà dùbúlẹ̀, o ò mu ọmú, o ò sunkún. Àwọn àgbà ní kí n máa kì ọ́, kí n má dákẹ́, kí o má baà tẹ̀ lé èkejì rẹ. Mo ki ẹdun títí ohùn mi fi há. Òun ni mo fi pè ọ́ padà. Nígbà tí o ní kí n má kì ọ́ mọ́, mo gbà, torí o ti di bàbá. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé nítorí ẹdun lo fẹ́ fi lé ọmọ ọlọ́mọ yìí, èmi ni kí o kọ́kọ́ lé. Èmi ti pè ọ́ bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó bí i."

Gbogbo ogun Wọ́tsáàpù, gbogbo ọkùnrin tó wọ kóòtù tó ń pariwo, ìyá ìbejì kan ṣoṣo ló tú wọn ká. Dádì wo ọwọ́ wọn. Wọ́n wo òkúta tó jókòó sórí aṣọ funfun, tí kò tíì sọ gbólóhùn kan láti ọjọ́ tí ìjà ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n gbé e. Wọ́n fi ìka tẹ̀ lé ìlà ara rẹ̀ yípo yípo.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n sọ ọ́, wẹ́rẹ́, bí ẹni tó ń yọ́ jáde láti ẹ̀yìnkùlé:

"Ẹdun yàtọ̀ sí ọ̀bọ."

"Ó yàtọ̀ gan-an!" Àlàájì gbà á lọ́gán. Ọ̀rẹ́ ni wọ́n ṣáà. "Wàláì, ó yàtọ̀! Ta ló ní kò yàtọ̀?"

"Ọ̀bọ ni mo ní mi ò fẹ́," Dádì ń gòkè bọ̀ díẹ̀díẹ̀, gíláàsì ti padà sójú. "Mi ò sọ̀rọ̀ ẹdun rí. Olúṣèyí, ṣé bí o ṣe ń sọ ọ́ yìí, ẹdun lo ní lọ́kàn?"

Ẹ ò mọ Bọ̀dá Ṣèyí. Ilẹ̀kùn ti ṣí, ìyàwó ń dúró dè é, ọ̀gbẹ́ni tún fẹ́ ṣàlàyé. "Ní ti gidi, sà, ẹdun gan-an kọ́ ni baba ńlá wa. Mọ̀lẹ́bí tó jìnnà ni. Kódà ọ̀bọ pàápàá..."

Àǹtí Mofìyìn ti rin yí àga ká. Mi ò rí ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bà sí, ṣùgbọ́n mo rí i tí ojú Bọ̀dá Ṣèyí tóbi.

"Ẹdun ni, sà," ó ní.

"Mọ̀lẹ́bí tó jìnnà."

"Tó jìnnà gan-an, sà."

"O rí i báyìí? Ká ní o ti sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, ìjà ì bá ti parí." Dádì yíjú sí Mọ́mì. "Rachael, bá wa wo ọjọ́ tó dáa."

Báyìí ni bàbá ṣe jà, tó fìdí rẹmi, tó sì fún ara rẹ̀ ní ife-ẹ̀yẹ. Àǹtí Mofìyìn sá wọ ilé ìdáná lọ sunkún mìíràn. Mo dúró títí wọ́n fi fi ẹnu kò sórí ọjọ́, kí n tó sọ pé ọ̀yà ni ẹran náà.

Bàtà tí wọ́n sọ lù mí, èyí tí okùn rẹ̀ já lọ́jọ́sí ni. Kò bà mí, Àlàájì ló bà. Dádì sì jókòó, wọ́n bu ègé ọ̀yà mìíràn, wọ́n jẹ ẹ́ tegungun tegungun.

Láàárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè, Dádì ń múra ibi iṣẹ́. Màmá jókòó sí ẹnu ọ̀nà, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í ki ọmọ wọn láìbèèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni: ẹdúnjọbí, ọmọ ẹdun. Ohùn wọn ti di ohùn àgbà, ó ń gbọ̀n díẹ̀, ṣùgbọ́n kò já. Ọkọ̀ tó máa gbé Dádì ti ń fọn fèrè níta. Dádì kò jáde, wọ́n dúró nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n ń wo abẹ́ àga, wọ́n ń wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, bí ẹni tí bàtà kan sọnù.

Mo wo ẹsẹ̀ wọn. Mo ní, "Dádì, bàtà méjèèjì wà lẹ́sẹ̀ yín."

Wọ́n ní, "Mo mọ̀. Gbé ẹnu ẹ sọ́hùn-ún."